Ó Ha Tọ́ Kí Á Fi Àgbo Wo Jẹjẹrẹ Ọmú Tí Ó Ti Dàgbà Bí?

Ìbéèrè kan wà tí ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ìlú Benin yìí, ní ìsọ̀ wa ní Ọjà Ọba, ní ọ́fíìsì ìjọba, àti lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìsìn bá parí. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a fi ń béèrè rẹ̀. Ìbéèrè náà nìyí: bí obìnrin kan bá ní jẹjẹrẹ ọmú, tí àrùn náà sì ti dàgbà, tí ó ti di egbò tàbí tí ó ti tàn dé ibòmíràn nínú ara, ó ha tọ́ kí ó gba àgbo bí? Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n ni. A fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lónìí láìbú ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn díẹ̀ ni èyí. Ìṣirò àwọn tí ń ka jẹjẹrẹ káàkiri àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2020 nìkan, obìnrin tí ó ju 28,000 lọ ni jẹjẹrẹ ọmú mú ní Nàìjíríà, àwọn tí ó sì kú nípa rẹ̀ ju 14,000 lọ. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2000, àwọn dókítà láti yunifásítì ìlú wa yìí bi obìnrin 1,000 léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àrùn náà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú 1,000 náà, 214 péré ni ó mọ̀ pé kókó tí kì í dunni ni jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Obìnrin rí kókó ní ọmú rẹ̀. Kò dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo, ó sì ń fi ọṣẹ wẹ ojú ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò tíì dùn ún síbẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ pé àgbo náà ń ṣiṣẹ́. Àgbo kọ́ ni ó lé ìrora lọ. Ìrora náà ni kò tíì dé. Nígbà tí ó bá dé, kókó tí dókítà ìbá ti gé kúrò ní wákàtí díẹ̀ ti lè ran abẹ́ apá, kí ó sì ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí egungun. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń bá ara wọn nínú ipò tí ìbéèrè wa òní fi jẹ́ dandan nìyẹn.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé à ń kẹ́gàn ewé. Àgbo ni a fi tọ́ púpọ̀ nínú wa dàgbà, àwọn dókítà fúnra wọn sì ń lo oògùn tí ó ti inú ewé àti èèpo igi jáde. Òdòdó kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní periwinkle, tí à ń gbìn fún ẹwà níwájú ilé, tí ó máa ń ní àwọ̀ funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ará Jamaica a máa mu omi ewé rẹ̀ fún àtọ̀gbẹ. Ní 1952 a fi ewé náà ránṣẹ́ sí Kánádà, ó sì dé ọwọ́ dókítà kan tí ń jẹ́ Robert Noble. Nígbà tí a fún àwọn eku ní omi ewé náà mu, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun kan sí ṣúgà ara wọn. Nígbà tí a fi abẹ́rẹ́ fún wọn, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn dínkù gidigidi, kòkòrò àrùn sì pa wọ́n. Láti inú ikú àwọn eku wọ̀nyí ni Noble àti Charles Beer ti ṣàwárí oògùn vinblastine, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1958, tí a sì ń fi wo oríṣi jẹjẹrẹ kan títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi yew ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. A bó èèpo rẹ̀ fún ìwádìí ní 1962. Ní 1971 ni Monroe Wall àti Mansukh Wani kéde ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ó di 1994 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àṣẹ sí i fún jẹjẹrẹ ọmú. Ọdún 32 ni ó wà láàárín èèpo igi àti obìnrin tí a kọ́kọ́ fi àṣẹ fún láti gbà á fún àrùn yìí. Kí ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń wá iye tí yóò pa àrùn tí kò sì ní pa aláàrùn, wọ́n sì ń kọ orúkọ àwọn tí ó sàn àti àwọn tí kò sàn sílẹ̀. Oògùn náà, paclitaxel, wà lára èyí tí a ń fà sára àwọn obìnrin nínú omi dírípù ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa. Nítorí náà, obìnrin tí ó sá fún dírípù nítorí àgbo lè máa sá fún igi tí a ti wọ̀n, kí ó sì máa lọ bá igi tí ẹnìkan kò wọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. Ẹ kì í ra ìrẹsì lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kóńgò.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ pátápátá? Ní 2018, àwọn dókítà ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa ènìyàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn jìnnà, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ àti oògùn, tí wọ́n sì gba ìtọ́jú mìíràn nìkan. Láàárín àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, ewu ikú wọn ju ìlọ́po 5 ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn náà kì í ṣe òpè. Wọ́n sábà jẹ́ ẹni tí ó kàwé, tí ó sì ní owó lọ́wọ́ ju àwọn ìyókù lọ. Ìwé kíkà nìkan kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ìbẹ̀rù.

Ìbẹ̀rù sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ènìyàn wa ń sọ pé ọbẹ kò gbọdọ̀ kan jẹjẹrẹ, nítorí pé wọ́n rí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí ó sì kú. Kì í ṣe ọbẹ ni ó pa á. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́bẹ ni. Obìnrin ń bẹ̀rù pé bí ọmú kan bá lọ, ọkọ lè lọ pẹ̀lú. Ó ń bẹ̀rù owó. Ó ń bẹ̀rù ìyanṣẹ́lódì, àti kí ó jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí dókítà tó bá a sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ní èdè tí kò yé e tán. Elégbògi ní tirẹ̀ a máa pè é ní ìyá mi, a bi í léèrè oorun rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, a sì gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí a kò bá gbà pé ohun rere ni sùúrù yìí, a kò tíì mọ ohun tí ó ń fà wọ́n lọ. Fún àwa tí a wà ní àjò, ẹrù mìíràn tún wà lórí ìyẹn: àwọn ará ilé a ránṣẹ́ pé kí á gbé e wá sílé, kí ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí Ìkàrẹ́ tàbí Ìbàdàn fún ìtọ́jú ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin wà ní Ugbowo níbí láti 1973.

Síbẹ̀ àwọn kan borí ìbẹ̀rù náà. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó gómìnà Oǹdó àná, ní jẹjẹrẹ ọmú, ó gba ìtọ́jú, kò sì fi í pamọ́. Ní 1997 ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lóye, ó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé lẹ́yìn àrùn náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á gbé èyí tí ó le jù yẹ̀ wò. Ẹnìkan lè sọ fún wa pé: “Gbogbo ohun tí ẹ wí dára fún kókó kékeré. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa yìí, dókítà fúnra rẹ̀ ti sọ pé àrùn náà ti tàn, pé òun kò lè wò ó sàn tán. Kí ni àgbo yóò tún bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí ó gbìyànjú.” Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, àánú ni ó sì bí i. Àwọn àgbà pàápàá sọ pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Bí kò bá sí ìwòsàn mọ́, ta ni àwa tí a ó fi gba ìgò lọ́wọ́ ẹni tí ń jìyà?

Èsì wa ni pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ ní ibi méjì. Èkíní, a ń gbọ́ “kò ṣeé wò sàn tán” bí ẹni pé “kò sí ohun tí a lè ṣe” ni. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Irú jẹjẹrẹ ọmú kan wà tí èròjà ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń bọ́. Oògùn oníhóró bí tamoxifen, tí a ń lò lójoojúmọ́, lè dá irú èyí dúró fún ìgbà pípẹ́. Oògùn dírípù lè mú kí kókó súnkì. Ìtọ́jú onítànṣán lè mú ìrora egungun rọlẹ̀, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Morphine tí a ń mu bí omi wà fún ìrora líle. A kì í fi í pa ènìyàn bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù, wíwọ̀n ni a ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì lè bu lẹ́búlẹ́bú metronidazole sí ojú egbò kí òórùn rẹ̀ lè dínkù. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ti òórùn yìí. Òun ni ó ń lé obìnrin mìíràn kúrò ní àárín àwọn ènìyàn, tí yóò fi máa dá nìkan sùn ní yàrá ẹ̀yìn, tí a ó sì máa sọ pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ẹni tí ó ń lo oṣù mẹ́fà tí ó kù fún un kiri láti ọwọ́ elégbògi kan dé òmíràn lè pàdánù gbogbo ìrọ̀rùn wọ̀nyí.

Èkejì, kì í ṣe òtítọ́ pé àgbo kò lè bàjẹ́ ohunkóhun mọ́. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni ó ń ru ẹrù oògùn ilé ìwòsàn. Àgbo tí ó le lè ṣe wọ́n léṣe, tàbí kí ó yí agbára oògùn náà padà láìjẹ́ pé dókítà mọ ohun tí ó fà á. Ohun tí a lẹ̀ mọ́ egbò láti jẹ kókó náà run a máa jẹ ẹran ara tí ó dára pẹ̀lú, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀. Owó ọjà a lọ, owó àjọ a lọ, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ a sì tẹ̀ lé wọn.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju owó lọ, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ rántí jù lọ nínú ìwé yìí. Nígbà tí oògùn ilé ìwòsàn bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, dókítà a sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbo tí a fi ìlérí tà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ta ni a ń dá lẹ́bi? Aláìsàn ni. A ní ó jẹ ilá. A ní ó ré èèwọ̀ kọjá, kò mu ún ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ́ rí ìgò náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń fi àdúrà nìkan ṣèlérí a máa sọ pé kò ní ìgbàgbọ́ tó. Obìnrin tí ara ti ń ro ni a tún gbé ẹ̀bi lé lórí, yóò sì gbé e lọ sí ibojì pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn tí kì í kùnà láéláé, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mu ún nìkan ni ó ń kùnà, kì í ṣe oògùn. Ìwà ìkà ni, ì báà ṣe pé ìgò ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Hesekiah ọba sì mọ̀ pé lẹ́yìn àdúrà rẹ̀ ni a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀, wòlíì fúnra rẹ̀ ni ó sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àdúrà kò lé ìtọ́jú jáde.

Nítorí náà, a kò ní kí á lu ìgò gbogbo fọ́. A ní kí á bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ìtọ́jú wá ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ mo lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún dókítà mi? Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ni ìwọ yóò sọ, ta ni yóò sì ru ẹ̀bi? Èló ni yóò jẹ lápapọ̀, ṣé mo sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí ó bá wù mí? Bí arábìnrin wa bá ń mu ohun kan tí ó ń tù ú lára, tí dókítà rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ tí kò sì rí ewu nínú rẹ̀, tí kò jẹ owó àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò sì mú kí ó pa ọjọ́ ilé ìwòsàn jẹ, kí ó máa mu ún ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún un pé “má ṣe jẹ́ kí dókítà gbọ́” ti fi ara rẹ̀ hàn. A sì lè bi dókítà pàápàá ní ìbéèrè kejì àti ẹ̀kẹta. Kò yẹ kí ó bínú.

Ta ni yóò wá pinnu? Àṣà wa ni pé kí àwọn àgbà ilé jókòó, kí ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ̀rọ̀, kí a sì fi orúkọ àrùn náà pamọ́ fún ẹni tí ó ni ara. A ní a kò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ ó bàjẹ́. Ìfẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti ra ọjà, tí ó ti tà á, tí ó kọ́lé, tí ó sì rán ọmọ ní ilé-ìwé gíga, ṣé ọmọdé ni ó dà nígbà tí ó ṣàìsàn? Ó lè ní gbèsè tí ó fẹ́ san, ọmọ tí ó fẹ́ fi lé ẹnìkan lọ́wọ́, ìjà tí ó fẹ́ parí. A kò lè fi àánú gba àkókò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kí á bi í léèrè bí ó ti fẹ́ mọ̀ tó. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kí á bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá ní òun fẹ́ gbọ́, kí á jẹ́ kí ó gbọ́. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ènìyàn lè fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ta ìgò àgbo mọ́ ọjà yín, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Nọ́ńbà NAFDAC kò túmọ̀ sí pé a ti rí i dájú pé oògùn náà ń wo jẹjẹrẹ. Àkọlé kékeré kan máa ń wà lára ìgò oògùn ìbílẹ̀ tí ó ń sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtà wí nípa rẹ̀ wò. Ẹ ka àkọlé náà fún ẹni tí ń rà á kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ní káàdì ètò ìlera NHIA, ẹ lọ béèrè iye tí ó lè san nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Kí ẹ sì bá àwọn arábìnrin wa tí kò ka ìwé lọ béèrè ní ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ ilé ìwòsàn bóyá owó kan wà fún àwọn aláìní. Ẹni tí ó lè gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tẹ̀ lé wọn wọlé dókítà, kí ó jókòó, kí ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Sùúrù tí a ń yìn lọ́dọ̀ elégbògi, àwa náà lè ṣe é.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín bá fi kókó hàn yín lálẹ́ òní, ẹ má ṣe sọ pé ẹ jẹ́ kí á wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ẹni tí ó ti dákẹ́ sí yàrá ẹ̀yìn, tí a kò rí mọ́ ní ìsìn láti ìgbà pípẹ́, ẹ lọ kí i. Kí ẹ má ṣe mú ìgò lọ́wọ́ lọ, kí ẹ má sì ṣe bi í ní èèwọ̀ tí ó rú. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́.